Bí A Ṣe Ń De Bẹ́líìtì Ààbò Mọ́ Bàálù Kékeré Tí A Fọwọ́ Ara Wa Kàn

Ọjọ́ tí bẹ́líìtì mi dé, mo tú páálí rẹ̀ sórí tábìlì nínú gáréèjì wa níbí ní Houston. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé gbogbo owó yẹn náà nìyí?" Mo ní òun náà ni. Irọ́ ni mo pa láìmọ̀. Nígbà tí mo fi máa ra irin, bóòtì àti wáyà tí mo fi so ó mọ́ bàálù, tí mo sì ti ba àwọn kan jẹ́ kí n tó rí i ṣe, owó bẹ́líìtì gan-an ti di èyí tó kéré jù.

Aṣọ bẹ́líìtì tuntun kì í ṣàdédé já. Ibi tí wọ́n so ó mọ́ ló máa ń ṣí. Ẹni tó bá fi okùn tuntun so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn tó ti jẹrà, ewúrẹ́ á lọ, okùn á lọ, èèkàn náà á sì bá wọn lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ èèkàn ló máa pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń kọ yìí.

Bàálù tèmi jẹ́ oníjòókòó méjì, èèyàn méjì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Egungun rẹ̀ jẹ́ páìpù irin 4130 (irú irin líle tí wọ́n fi ń kan bàálù) tí wọ́n jó pọ̀, aṣọ ni a sì fi bò ó. Ní Amẹ́ríkà, òfin gbà kí èèyàn kan bàálù fúnra rẹ̀ láti fi kọ́ ìmọ̀ tàbí láti fi gbádùn ara rẹ̀, bó bá ti jẹ́ pé òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. EAA, ẹgbẹ́ tí Paul Poberezny dá sílẹ̀ ní Wisconsin ní 1953, ni ilé àwa tá à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ má sì rò pé kò kan ilé wa rárá: Air Beetle tí wọ́n tò ní Kàdúná fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà láti máa fi kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù, ara RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde, bàálù tí àwọn èèyàn ń kàn nínú gáréèjì bíi tèmi.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan irin kankan, ẹ ka ohun méjì. Èkíní ni àwòrán bàálù yín. Bí ẹni tó ya á bá ti sọ ibi tí bẹ́líìtì máa so sí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ṣáájú tèmi. Èkejì ni ìwé FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, tó ń jẹ́ AC 43.13-2B, orí kẹsàn-án, tó dá lórí bẹ́líìtì èjìká nìkan. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èdè rẹ̀ le bí ẹ̀wà tí kò jinná, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán inú rẹ̀ yéni.

Ìṣirò kékeré kan

Òfin àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe àwọn bàálù kékeré ní Amẹ́ríkà ní kí bẹ́líìtì àti ibi tó so mọ́ lè gba ìlọ́po 9 ìwúwo èèyàn síwájú nígbà tí bàálù bá já lulẹ̀. Ẹ mọ̀ pé 9 yìí kéré. Àwọn ìjókòó iwájú bàálù tuntun tí iléeṣẹ́ ń ṣe, ìlọ́po 26 ni wọ́n fi ń dán wọn wò. Ẹ mú 9 bí ilẹ̀, kì í ṣe òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká fi èmi ṣe àpẹẹrẹ. Kílò 95 ni mí (jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ayẹyẹ pọ̀ ní Houston). Ìlọ́po 9 rẹ̀ jẹ́ kílò 855. Nínú ìṣirò, bẹ́líìtì èjìká máa ń gbé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbànú, ìyẹn èyí tó gba ìbàdí kọjá, á gbé ìdá 60. Èjìká nìyẹn ní kílò 342. Wọ́n tún ní kí a fi 1.33 sọ ọ́ di púpọ̀ fún ibi tí irin ti pàdé irin, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń yẹ̀. Ó di kílò 455.

Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́sàn-án. Ẹ fojú inú wo àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́sàn-án tó so rọ̀ mọ́ bóòtì kan tí kò nípọn tó ìka ọwọ́ yín tó kéré jù.

Ohun tó sì máa yà yín lẹ́nu ni pé bóòtì kọ́ ni ìṣòro. Bóòtì bàálù AN4, tó fẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, lè gba ju pọ́n-ùn 3,600 lọ kó tó gé, ìyẹn ju kílò 1,600 lọ. Irin pẹlẹbẹ tí ẹ lu ihò sí létí ló máa ya. Páìpù tí ẹ so ó mọ́ láàárín méjì ló máa tẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kó ìrònú yín sí.

Rírà

Ẹ ra bẹ́líìtì tó ní ó kéré tán ẹsẹ̀ mẹ́rin: ìgbànú méjì láti ọ̀tún àti òsì, bẹ́líìtì èjìká méjì. Èyí tó ní ẹsẹ̀ karùn-ún, tó gba àárín itan sọ̀kalẹ̀, dára jù, màá sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Bẹ́líìtì tí wọ́n ṣe fún bàálù máa ń ní àmì ìfọwọ́sí FAA tí wọ́n rán mọ́ ọn: TSO-C22 lára ìgbànú, TSO-C114 lára odindi bẹ́líìtì tó ní ti èjìká. Bàálù àfọwọ́kàn kò fi dandan gbọ́dọ̀ ní àmì yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ń lo bẹ́líìtì àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje, tí àmì SFI 16.1, ti àjọ tó ń fọwọ́ sí ohun èlò ààbò eré ìje, wà lára rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo déètì tó wà lára àmì náà: àwọn eléré ìje kì í lò ó kọjá ọdún méjì láìdá a padà fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti Èkó, ó bi mí bóyá bẹ́líìtì tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀ ò lè ṣe é. Rárá o, Bùọ̀dá mi. Bẹ́líìtì tó ti mú èèyàn nínú ìjàǹbá kan rí ti nà, kò sì ní padà sí bó ṣe wà, ojú lásán ò sì lè rí i. Ẹ ò mọ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, róòlù tó ń ká bẹ́líìtì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní bí wọ́n ṣe ṣe é kó máa dúró. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn, ó lè má gbá mú lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Nípa aṣọ rẹ̀: polyester kì í nà tó nylon. Bí bẹ́líìtì bá ṣe gùn tó láti èjìká dé ibi tó so sí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa nà tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni orí yín ṣe máa sún mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ gbé ìrù sókè kí ẹ tó wọn ohunkóhun

Táyà kékeré wà lábẹ́ ìrù bàálù tèmi, nítorí náà bó bá wà nílẹ̀, imú rẹ̀ máa ń wòkè bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Wọ́n ní kí ìgbànú sọ̀ kalẹ̀ láti ìbàdí lọ sẹ́yìn ní igun dígírì 45 sí 55 sí ìlà gígùn bàálù. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo ta okùn láti ìbàdí mi dé ilẹ̀, ọmọ mi fi òṣùwọ̀n igun lé okùn náà, ó kà á: 50. Inú mi dùn. Mo gé irin, mo lu ihò, mo tiẹ̀ kùn ún.

Lọ́sẹ̀ kejì, àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa yà kí mi. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo irin mi, ó wo ìrù bàálù tó wà nílẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé báyìí ló ṣe máa ń fò?"

A gbé ìrù náà sórí àga onígi, a fi òṣùwọ̀n lé ibi tí àwòrán ní ká fi mú bàálù tẹ́jú. Dígírì 11 ni imú rẹ̀ ti fi wòkè tẹ́lẹ̀. Ìgbànú tí mo pè ní 50, 39 ni ní tòótọ́. Mo da irin méjèèjì nù. Ọ̀kan ṣì wà lórí wíńdò gáréèjì, mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀.

Kí ló burú nínú 39? Ìgbànú tó bá nà gbọọrọ sẹ́yìn jù máa ń fẹ́ gòkè. Bí bàálù bá dúró lójijì, ìgbànú á kúrò lórí egungun ìbàdí, á gun orí ikùn, ara á sì yọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ síwájú. Egungun ìbàdí lágbára láti gba ìfà yẹn. Ìfun ò lágbára ẹ̀. Bó bá sì dúró ṣánṣán jù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà sí ìsàlẹ̀, ara á ti lọ síwájú púpọ̀ kó tó mú un.

Nítorí náà, ẹ mú bàálù tẹ́jú. Ẹ fi tìmùtìmù tí ẹ máa fi fò sórí ìjókòó, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ máa ń gbé páráṣúùtù kọ́rùn, ẹ gbé e kọ́rùn. Kí ẹni tó ga jù àti ẹni tó kúrú jù nínú àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi tépù bébà sàmì sí ibi tí èjìká àti ìbàdí wọn dé lára ògiri inú bàálù. Àmì yẹn lẹ máa fi ṣiṣẹ́.

Èjìká

Láti orí èjìká, bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn gbọọrọ tàbí kó gòkè díẹ̀. Tó bá gòkè dé dígírì 30, kò burú. Kó má ṣe sọ̀ kalẹ̀ ju dígírì 5 lọ. Èyí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí n óò fi tún un sọ: ẹ má so bẹ́líìtì èjìká mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ìjókòó. Mo ti rí i nínú bàálù àtijọ́ mélòó kan, wọ́n gbé e gba orí ìjókòó, wọ́n sì fà á sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni irin tó lágbára wà. Bí ara bá lọ síwájú, bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ á fa èjìká sísàlẹ̀, gbogbo ìfà náà á sì tẹ egungun ẹ̀yìn pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán.

Ibo wá ni kí ẹ so ó mọ́? Lára bàálù onípáìpù, ibi tó lágbára ni oríkèé, níbi tí páìpù mẹ́ta, mẹ́rin ti pàdé. Páìpù tó gùn láàárín oríkèé méjì á tẹ̀ bí ọ̀pá ìpẹja bí ẹ bá fà á láàárín. Nínú bàálù mi, kò sí oríkèé kankan tó sún mọ́ ẹ̀yìn orí wa. Èyí tó bá igun mu wà lẹ́yìn, nínú ìrù. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń nà. Mi ò lè fi aṣọ bẹ́líìtì dé ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀.

Wáyà irin ló yọ mí. Bẹ́líìtì èjìká méjèèjì pàdé di ọ̀kan lẹ́yìn ọrùn, wọ́n sì so mọ́ wáyà tó fẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 7x19, tí wọ́n fi ń darí ìyẹ́ bàálù. Èyí tí wọ́n fi síǹkì bò lè gbà tó pọ́n-ùn 2,000, bíi kílò 907, ìlọ́po méjì ohun tí mo nílò. Wáyà kì í nà bí aṣọ. Ara bàálù ń tín-ín-rín lọ sẹ́yìn, nítorí náà oríkèé òsì bọ́ sẹ́yìn ìjókòó òsì gẹ́ẹ́, ti ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀. Kí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀. Ní orí wáyà, ẹ fi irin oníkòtò tí wọ́n ń pè ní thimble sínú ojú rẹ̀ kó má bàa gé ara rẹ̀, kí ẹ sì fi òṣùwọ̀n tó bá ẹ̀rọ ìtẹ̀ yín wá yẹ òrùka bàbà tí ẹ tẹ̀ mọ́ ọn láti di ojú náà pọ̀ wò. Tí òṣùwọ̀n ò bá kọjá lórí bàbà yẹn, ẹ gé e, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ wo ọ̀nà tí wáyà yìí gbà dáadáa. Àwọn wáyà tó ń darí ìrù náà gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní kí ọmọ mi jókòó, kó máa ti ọ̀pá ìdarí síwá sẹ́yìn, kó máa tẹ ẹsẹ̀, èmi sì kó orí sínú ìrù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Wọn ò gbọ́dọ̀ kan ara wọn, bẹ́líìtì ìbáà le, ìbáà dẹ̀.

Bí ẹ ò bá tíì fi aṣọ bo bàálù, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ jó irin kékeré kan mọ́ oríkèé náà. Mi ò sọ pé ẹni tó ń jó géètì. Bí ẹ bá ti fi aṣọ bò ó, bíi tèmi, ẹ ṣe irin tó máa gbá páìpù mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí bóòtì méjì fún un pọ̀. Irin 4130 tó nípọn ní 0.090 ínṣì ni mo lò. Ẹ má lu ihò sára páìpù gígùn tó gbé bàálù ró láéláé. Ihò yẹn á sọ ọ́ di ibi tó máa kọ́kọ́ ṣẹ́. Ẹ má sì lo àwọn kílíìpù olírọ́bà tí wọ́n fi ń di wáyà iná mú. Wáyà iná ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Ẹ̀yin tí bàálù yín jẹ́ páànù, ẹ so ó mọ́ ògiri tó pín inú bàálù, kí ẹ sì fi páànù mìíràn tó nípọn tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìfà náà lè tàn ká. Ẹ má so ó mọ́ páànù ìjókòó lásán. Ẹ̀yin onígi àti oní-fáíbà, ibi tí ẹ máa so ó mọ́ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ara bàálù látìgbà tí ẹ ti ń kàn án. Bí kò bá sí, ẹ pe ẹni tó ya àwòrán náà, ẹ má dá a ṣe.

Ìgbànú àti ẹsẹ̀ karùn-ún

Igun rẹ̀ la ti sọ. Ohun tó kù ni pé kí irin tí ìgbànú so mọ́ lè yí fúnra rẹ̀, kó lè máa wo ibi tí ìgbànú ń fà á sí. Bí irin bá dúró gan-an tí ìgbànú sì ń fà á láti ẹ̀gbẹ́, á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ya. Ẹ fi páìpù kékeré sínú ihò irin náà, kí páìpù yìí gùn ju bí irin ṣe nípọn lọ ní ìwọ̀n bébà kan tàbí méjì. Bóòtì á fún páìpù náà pọ̀, irin á sì máa yí lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ karùn-ún, tó gba àárín itan, iṣẹ́ kan ló ní: láti di bọ́kùlù mú sísàlẹ̀. Bí ẹ bá fún bẹ́líìtì èjìká le, ó máa ń fa bọ́kùlù gòkè kúrò lórí egungun lọ sórí ikùn. Ẹsẹ̀ karùn-ún ni kì í jẹ́ kó lọ. Ìṣòro rẹ̀ nínú bàálù ni pé ọ̀pá ìdarí wà láàárín itan náà. Ẹ fà ọ̀pá yín sẹ́yìn pátápátá nígbà tí bẹ́líìtì wà lára yín. Ó kan bọ́kùlù? Ó ṣí i? Ẹlẹgbẹ́ mi kan rí i pé ọwọ́ bọ́kùlù tirẹ̀ ń há sí bọ́tìnì rédíò orí ọ̀pá. Ó yí bọ́kùlù náà dojú kọ òdìkejì, ó sì tán.

Ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ karùn-ún sí i, kó máa fún ìgbànú le kó tó fọwọ́ kan ti èjìká. Ẹ jẹ́ kó wà sísàlẹ̀, lórí egungun, kó le débi tí ẹ ò fi ní lè ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.

Bóòtì àti nọ́ọ̀tì

Ibi tí nǹkan bá ti lè yí, ẹ má fi nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú síbẹ̀. Ẹ lo bóòtì tó ní ihò nídìí, nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ rí bí adé, àti píìnì ẹlẹ́nu méjì. AN4 máa ń gba ìfún ínṣì-pọ́n-ùn 50 sí 70. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 50, kí ẹ máa fún un lọ títí ihò bóòtì á fi bá ojú adé náà mu. Bí ẹ bá dé 70 tí kò tíì bá a mu, ẹ tú u, kí ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà. Ẹ má fà á padà sẹ́yìn kí píìnì lè wọlé.

Àárín ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí irin ní ìlọ́po méjì bí bóòtì ṣe fẹ̀. Fún AN4, ìdajì ínṣì nìyẹn. Ẹ fi fáìlì gé gbogbo etí irin tó mú, kí ẹ fi ọwọ́ lásán yí i ká; ohun tó bá lè gé yín lọ́wọ́ á gé aṣọ bẹ́líìtì. Ara bóòtì tó dán ni kó wà nínú ihò, kì í ṣe ibi tó ní ìlà wínníwínní.

Irin olójú méjì

Ibi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe rèé. Ìdí aṣọ bẹ́líìtì máa ń gba inú irin pẹlẹbẹ kan tó ní ojú méjì, á yí ojú wáyà tàbí irin tó so mọ́ ká, á padà wá gba inú irin pẹlẹbẹ náà. Mo gbé e kọjá lẹ́ẹ̀kan, mo fà á, ó le dan-in. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo tún fà á pẹ̀lú gbogbo ara. Aṣọ náà rọra yọ̀ gba ojú irin bí ejò tó ń wọ ihò, ó sì jáde sí mi lọ́wọ́.

Ó gbọ́dọ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì. Aṣọ á kọjá, á yí ká, á gba ojú méjèèjì, ìdí rẹ̀ á sì tún ṣẹ́rí padà gba ojú àkọ́kọ́, kó lè tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tẹ ara rẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ìdí tó ṣẹ́ kù gùn tó ínṣì 4, kí irin olójú méjì sì sún mọ́ ibi tí aṣọ ti yí ká dáadáa. Ìwé tó bá bẹ́líìtì yín wá ní àwòrán rẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ọgbọ́n orí ṣe é bíi tèmi.

Bí aṣọ bá gùn jù, ẹ dá a padà fún iléeṣẹ́ tó ṣe é kí wọ́n rán an. Ẹ má gbé e fún télọ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó.

Ẹ wọlé, ẹ jókòó

Ẹ de ara yín bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fò. Ẹ nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa epo, ibi tí wọ́n ti ń pa iná ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ ilẹ̀kùn. Èyíkéyìí tí ọwọ́ yín ò bá dé, ẹ gbé nǹkan náà sún mọ́ yín. Ẹni tó bá ní òun á kàn dẹ bẹ́líìtì díẹ̀ dà bí àwọn awakọ̀ Èkó tó ń na bẹ́líìtì kọjá àyà láìkì í bọ bọ́kùlù, kí FRSC má bàa dá wọn dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú, ẹ tú u, ẹ jáde. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wáyà agbékọ́rí mi há mọ́ bẹ́líìtì èjìká, mo sì jókòó padà bí ẹran tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Mo gbé ibi tí wáyà náà ń wọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ ìfà fa bẹ́líìtì láti mọ̀ bóyá á lè gba ìwọ̀n tó yẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn lára bàálù tí wọ́n máa fò. Bí ẹ bá fà á dé ìwọ̀n yẹn, irin lè ti tẹ̀ díẹ̀ níbi tí ojú yín ò dé. Ẹ ṣe ìṣirò, ẹ ṣe irin kan náà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan ṣòfò lórí tábìlì. EAA ní àwọn àgbà tí wọ́n ń pè ní Technical Counselor, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń wá wo iṣẹ́. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó fi nǹkan bo ibẹ̀. Ẹ ti rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbà mí.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bàálù: déètì, irú bẹ́líìtì, déètì ara àmì rẹ̀, irú bóòtì, bí wọ́n ṣe fún un le tó. Ẹ tún wọn ìwúwo bàálù bó bá yí padà. Nígbà àyẹ̀wò olóṣù méjìlá, ẹ wo aṣọ náà: bí oòrùn bá ti mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá, bí etí rẹ̀ bá ti ń hu irun, bí òwú rírán bá já níbì kan, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Kẹ́míkà tó ń sọ aṣọ di funfun ò gbọ́dọ̀ kàn án.

Bí ẹ bá sì ń dá nìkan fò, ẹ bọ bẹ́líìtì ìjókòó kejì, kí ẹ fún un le, kó má bàa lọ́ mọ́ ọ̀pá ìdarí. Èmi gbàgbé lọ́jọ́ kan. Mo ti gbéra tán, mo ti tó ẹsẹ̀ bàtà 300, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara bàálù gbà-gbà-gbà bí ìgbà tí ìyẹ́ fẹ́ já. Mo yí padà, mo sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ìdí ìgbànú èrò ló há sí ẹnu ilẹ̀kùn, tí bọ́kùlù rẹ̀ ń jó níta.